Ilẹ̀ etí odò n'Ílọrin: ṣé kí n rà á, àbí kí n sá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ilẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń san owó ilé n'Ílọrin, ó sì ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajẹ́ńtì kan mú mi lọ wo pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Owó ẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta àwọn tó wà lókè níbẹ̀. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ pátápátá, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ ní odò yẹn ti kú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ilé mẹ́ta ní òdìkejì ti ní àmì X pupa lára. Ṣé kí n rà á? Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tọ́ kí ìjọba máa wó ilé tí èèyàn fi òógùn ojú kọ́, nítorí odò tí kò lómi? Àbúrò yín ni mí, ẹ má bú mi.

* * *

Èsì

N kò ní bú ọ. Oṣù wo lo lọ wo ilẹ̀ náà? Tó bá jẹ́ oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, ilẹ̀ nìkan lo rí, odò ò sí nílé.

Òjò Ìlọrin ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń bá a lọ di oṣù kẹwàá. Ó máa ń le ní oṣù kẹfà, á fà sẹ́yìn díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á wá padà ní oṣù kẹsàn-án bí ẹni tó wá gba gbèsè. Ajẹ́ńtì mọ kàlẹ́ńdà yìí ju àgbẹ̀ lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ilẹ̀ etí odò máa ń tà jù.

Kí o lè mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀: ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá oníwọ̀nlẹ̀ ru irinṣẹ́. Èmi ni mò ń gé igbó, èmi ni mò ń ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀. Báyìí, mò ń ya àwòrán ilé. Mo ti ri òpó rí níbi tí ẹsẹ̀ mi ti rì dé orúnkún, tí ẹni tó ra ilẹ̀ dúró lórí ibi gíga pẹ̀lú bàtà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n sanwó fún mi, mo dákẹ́. Torí náà, n kò yọ ara mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Padà lọ síbẹ̀, má mú ajẹ́ńtì dání. Wo ilẹ̀ bóyá wàá rí ihò akàn. Akàn kì í kọ́lé síbi tí omi ò ti ń wá. Wo ohun tó hù níbẹ̀: tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀sún àti kókò ló pọ̀, tí amọ̀ dúdú sì sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó, o ti gbọ́ ìdáhùn. Wo ẹsẹ̀ ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí, ilà pupa rúsúrúsú kan máa ń wà níbi tí omi dé. Àwọn kan máa ń kùn ún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé àti ògiri ṣáláńgá ni wọ́n máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà, bi obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ tàbí ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà yẹn. Má bi onílé. Onílé ń wá ẹni tí yóò gba tiẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

* * *

Ẹni kan kọ ọ́ sábẹ́ èyí pé ohun tí ajẹ́ńtì sọ fún òun nìyí nígbà tí òun ń ṣiyèméjì: "Alhaji, omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ ni, kì í ṣàn kọjá, inú pálọ̀ ló ń gbà.

* * *

Lórí àwọn tó ní ìdọ̀tí ni

Èrò tó pọ̀ jù nínú àwọn èsì yín ni pé ìdọ̀tí ló fà á. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú gọ́tà, ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú odò lálẹ́ nígbà tí òjò bá ṣú. Wọ́n ní ká sáà palẹ̀ mọ́, omíyalé á tán.

Mo gbà pé ìdọ̀tí ń dí kọ́fáàtì. Mo ti rí mátírẹ́ẹ̀sì nínú kọ́fáàtì rí, èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Òjò mílímítà 50 lọ́jọ́ kan kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Mílímítà kan lórí mítà kan sí mítà kan jẹ́ lítà kan. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bí mítà 465 níbùú-lóròó, nítorí náà òjò kan ṣoṣo yẹn da omi tó lé ní lítà 23,000 sórí ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù 116 nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ igbó, ewé á gba díẹ̀, ilẹ̀ á mu díẹ̀, ìyókù á rọra máa wọ́ lọ. Ní báyìí tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ páànù, kọnkéré àti íntálọ́ọ̀kì, ibo ló máa wọ̀? Ọgọ́rùn-ún pulọ́ọ̀tì lókè ń da dúrọ́ọ̀mù 11,600 sínú odò kan náà, láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbá gọ́tà kó mọ́ bí àwo oúnjẹ, omi yẹn kò ní gba inú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpáta tún wà níbẹ̀. Orí àpáta ni Ìlọrin jókòó lé, ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wo òkè Sóbí. Níbi tí ìlẹ̀pa ò ti nípọn, omi kì í ríbi rì sí, orí ilẹ̀ ló ń sáré, Odò Àsà tó la ìlú wa sí méjì ló sì ń sáré lọ bá. Àgbá, Alálùbọ́sà, Àlùkò, gbogbo wọn ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó mọ èyí. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ibùdó wọn: Ìsàlẹ̀ Àlùkò, Òkè-Odò. Orúkọ yẹn ni máàpù wọn. Àwa ní fóònù tó ń fi ojú ọ̀run wo ilé wa, a ò sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀.

* * *

Lórí C of O

Tísà kan láti Ọ̀fà kọ̀wé gùn, ó sì kọ ọ́ dáadáa: ẹni tó bá ti ní C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ìjọba kò lè fọwọ́ kan ilé ẹ̀, nítorí òun náà ló fọwọ́ sí i. Tísà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìwé méjì lẹ pa pọ̀ mọ́ ara wọn.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà nítorí gbogbo ará ìlú. C of O ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà lórí ilẹ̀ náà, kò sọ pé kí o kọ́ ohun tó wù ọ́ síbi tó wù ọ́. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́tọ̀ ni, ọ́fíìsì ètò ìlú ló ń fúnni. Mélòó nínú wa ló ní in? Mò ń ya àwòrán ilé fún àwọn èèyàn, mo mọ iye tó padà wá gba pílánì tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Wọn ò pọ̀. Àwọn yòókù fi fóònù ya fọ́tò àwòrán mi, wọ́n gbé e fún bíríkìlà, ó parí.

Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà nítorí ànfààní gbogbo ìlú, abala 28 òfin yẹn gbà á láyè, abala 29 sì sọ ohun tí wọ́n máa san. Ẹ jókòó dáadáa kẹ́ ẹ tó ka èyí: wọ́n á ṣírò owó ilé lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ti ogbó ẹ̀ kúrò, wọ́n á ṣírò irúgbìn, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ fúnra ẹ̀, kò ju rẹ́ǹtì tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn lọ. Kì í ṣe mílíọ̀nù tí ẹ kó fún mọ̀lẹ́bí. Ẹni tí kò sì gba àṣẹ ìkọ́lé rárá, n kò mọ ẹsẹ̀ tó máa fi dúró tó bá fẹ́ béèrè owó ilé.

Ẹ̀yin tó ní ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kó dá sí i, ẹ yé é dárúkọ Àbújá sí i. Òfin ètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 1992, ṣùgbọ́n nígbà tí Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní 2003 pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ti ìpínlẹ̀ ni. Ọwọ́ Kwara ni tiwa wà.

Ṣé ìjọba wá mọ́ báyìí? Rárá o. Mo ti rí pílánì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, tí odò tó gba ẹ̀yìn ilé náà kò sí lórí ìwé. Odò odindi! Èmi kọ́ ni mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó yà á, ó sì ń yà títí dòní. Mo tún mọ ilé kan tí òṣìṣẹ́ kan (n kò ní dárúkọ ọ́fíìsì) kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà ìpìlẹ̀, ó kọjá nígbà líńtẹ̀ẹ̀lì, ó ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kan páànù tán ni X dé. Ìyẹn ló ń bí mi nínú ju wíwó lọ.

* * *

"Níbo lẹ fẹ́ ká lọ?"

Ìyá kan tó ń tajà ní Ìpàta ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní agbo-ilé àwọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó wá fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ó ní omi kì í wọlé àwọn tẹ́lẹ̀, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀.

Mo gbà fún un, mo sì takò àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n wó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agbo-ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò rìn lọ bá odò, odò ló fẹ̀ wá bá a, nítorí òrùlé tiwa tá a wà lókè. Ìwọ tó kọ́ ilé alájà kan sórí òkè, tó fi kọnkéré bo gbogbo ọgbà kí mọ́tò má baà yí ẹrẹ̀, omi ẹ ló wà nínú yàrá ìyá yìí. Kò sí ẹni tó máa fi X sára ilé tìẹ. Ẹni tó kọ́ ilé tuntun sínú ojú odò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó mọ̀, ìyẹn lọ́tọ̀. Kí wọ́n má fi ọ̀dà kan náà kun àwọn méjèèjì.

Ìyá dáhùn pé kí n wá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti ń tì mí o.

* * *

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀. Ìyá mi àgbà dá àkúrò létí Odò Àsà títí tí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn tó wà lókè ò rí nǹkan jẹ. Ní oṣù kẹsàn-án, omi á bò ó pátá. Kò sí ẹni tó sunkún. Wọ́n á ti kórè, wọ́n á jókòó máa wo omi láti òkè bí ẹni ń wo àlejò tó mọ ọjọ́ tó máa lọ. Nígbà tó bá fà, ẹrọ̀fọ̀ tó fi sílẹ̀ ni ajílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

  

Ohun tí mo ń lọ bá gan-an ni pé, ilẹ̀ etí odò tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ nǹkan sí, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lásán, á di ààtàn. Lẹ́yìn ààtàn, á di ibi ìfọmọ́tò. Lẹ́yìn ìfọmọ́tò, ẹnì kan á gbé kọ̀ǹténà sí i, á di pulọ́ọ̀tì. Ẹ fún àwọn obìnrin alákùúrò ní ìwé lórí ẹ̀, kí mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ máa gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń jẹun níbì kan kì í jẹ́ kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù bò ó.

* * *

Lórí kíkó yangí kún un

Bíríkìlà kan ní a ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ: kí ó ra ilẹ̀, kó da yangí sí i, kó gbé ìpìlẹ̀ sókè, ó tán.

Ohun tí àna mi ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó da yangí típà lórí típà, ó fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lé ìpìlẹ̀ kó tó da jámánì filọ́ọ̀. Òjò ọdún àkọ́kọ́ dé, ilé ẹ̀ gbẹ. Ó pa àgbò. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ilé aládùúgbò ẹ̀, tí omi kò wọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, omi dé ojú fèrèsé. Yangí yẹn kò pa omi, ó lé e lọ ni. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ, sàfù kan náà ni wọ́n máa ń tò sí nígbà míì, wọn kì í kí ara wọn. Àna mi ń sọ pé òun kò ṣẹ̀ ẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn nítorí aya ẹ̀ ni àbúrò mi.

Bákan náà lẹ̀yin tó ní kí ìjọba sáà fi kọnkéré la odò já, kó fẹ̀ ẹ́. Ó dára níbi tó ti yẹ. Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ bi. Ògùnpa pa wọ́n lẹ́kún ní 31 oṣù kẹjọ 1980, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ odò náà lẹ́yìn ẹ̀. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan náà, ní etí àwọn odò mìíràn. Báǹkì Àgbáyé wá yá wọn ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé. Owó yá ni, wọ́n á san án padà. Nítòsí wa níbí, kọjá Jẹ́bà díẹ̀, Mokwa, 29 oṣù karùn-ún 2025: wọ́n ní omi kóra jọ sẹ́yìn òkìtì ojú irin àtijọ́, nígbà tó já, èèyàn tó lé ní 200 ló bá a lọ. Ohun tí a fi dí omi lọ́nà, omi á fi ṣe ìdí ogun.

* * *

Ibi tí mo dúró sí

Ẹ ti ń béèrè pé kí wá ni ṣíṣe. Mo rò pé ibi tí òfin ti ń dé ni kò dáa. Ó ń dé sí ẹni tó rà kẹ́yìn, lẹ́yìn páànù. Ẹni tó ta ilẹ̀ ti fi owó lọ sí Mẹ́kà, ajẹ́ńtì ti pa nọ́ńbà dà, oníwọ̀nlẹ̀ ti gba tiẹ̀ (èmi náà gba tèmi). Òfin yẹ kó dúró sí ẹnu ìwé owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì, níbi tí omi tó ga jù dé gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà àdúgbò ṣe mọ̀ ọ́n, kì í ṣe níbi tó dé lọ́yẹ́. Kí wọ́n kùn ún, kí nọ́ńbà wà lára ẹ̀, kó wà lórí máàpù ìjọba. Kí Alángùá, olóyè tó ń ṣàkóso àdúgbò, àti olórí ẹbí fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní ta kọjá òpó yìí. Ẹni tó bá tà, òun ni kó dá owó padà, kó tó kan ẹni tó rà. Kí wọ́n má sì na wáyà iná kọjá òpó yẹn. Èyí tó kẹ́yìn yìí lágbára ju ọ̀dà pupa lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Tísà Ọ̀fà padà wá bi mí pé, bí olórí ẹbí bá jẹ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Tísà, ẹ mú mi níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà púpọ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí òpó ti wà nílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, kí ọmọ kékeré lè na ọwọ́ sí i. Olórí ẹbí lè parọ́ lórí ìwé. Ó ṣòro kó parọ́ nígbà tí òpó ń wò ó.

Ẹnì kan ní àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, àti àjọ tó ń rí sí omi, NIHSA, ń kéde lọ́dọọdún, kí a máa gbọ́ rédíò. Mò ń gbọ́. Wọ́n á dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kì í dárúkọ ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹni tó bèèrè padà wá

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo lọ. Ihò akàn pọ̀, mo dẹ́kun kíkà á ní ogún. Ìyá ẹlẹ́kọ mú mi lọ sẹ́yìn ilé kan, ó fi ilà omi hàn mí, ó dé ìgbáròkó mi. Ohun tí n kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni pé mo ti san 200,000 náírà láti fi di ilẹ̀ náà mú. Wọ́n ní owó kì í padà, ṣùgbọ́n àwọn á fún mi ní òmíràn lókè tí mo bá fi owó kún un."

Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tó o ò sọ. Má fi kọ́bọ̀ kún un báyìí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní èyí tó wà lókè lóòótọ́, lọ wo òun náà bó o ṣe wo ti àkọ́kọ́, kí o sì béèrè bóyá wọn ò tíì tà á fún ẹlòmíràn. Wo ìwé owó ẹ, ẹni mélòó ló fọwọ́ sí i? Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, lọ bá àgbà inú ẹbí yẹn, kí o bi í bóyá ó mọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni owó sábà máa ń gbà jáde, nítorí wọn kì í fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé ẹnì kan ti dá jẹ. Lẹ́yìn náà, Alángùá. Mú ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ dání, má dá lọ, má sì pariwo.

Ó tún kọ̀wé: "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá gba owó mi, ta ló máa rà á lẹ́yìn mi?"

Ẹlòmíràn, kó tó di oṣù kẹrin. Torí náà, padà lọ ya fọ́tò ilà yẹn, kí ìyá ẹlẹ́kọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè rí bó ṣe ga tó, tó bá gbà. Gbé e síbí, kí o sì kọ orúkọ odò náà sábẹ́ ẹ̀.